Ẹni Tó Ń Pa Ẹ̀rọ Pauline

Yaọ́ọ̀tì ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán nínú ìkòkò irin ni ẹ̀rọ dákẹ́. Pauline ló kọ́kọ́ mọ̀. Ariwo ẹ̀rọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni etí rẹ̀ máa ń nà. Ó gbé ìgbakọ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró ìdí rẹ̀, ó sì fi ojú wo àwọn tó wà nínú àgbàlá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nǹkan rẹ̀ lọ́jà.

Ilé iṣẹ́ yaọ́ọ̀tì ni Pauline ní ní Sakété, lẹ́bàá títì tó lọ sí Àjàṣẹ́. Òun àti Maxime ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ kí Maxime tó kú. Láràárọ̀ ni ọkọ̀ kékeré kan ń lọ gba wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní tó ń da màlúù ní ìhà Igana, ní ilẹ̀ Pobè. Wọ́n á sè é, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i, wọ́n á jẹ́ kó dì. Bó bá ti dì báyìí, ó gbọ́dọ̀ tutù kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa kan lọ ni, títí tí ẹnu kò fi ní lè gbà á mọ́.

Ohun tó ń mú un tutù ni omi. Ìkòkò irin náà ní ara méjì, ọ̀kan nínú ìkejì, omi tútù ló sì ń gba àárín wọn kọjá. Pọ́ǹpù á fa omi láti inú táǹkì tó wà níta lábẹ́ páànù, á tì í gba inú ẹ̀rọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, omi á jáde níbẹ̀ ní tútù rinrin, á yí ìkòkò po, á sì padà sínú táǹkì. Bí omi tó ń padà bọ̀ bá ti tutù dé ìwọ̀n tí wọ́n yàn fún un, kọ̀mpirẹ́sọ̀, èyí tó dà bí ọkàn ẹ̀rọ náà, á sinmi. Bí omi bá tún lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, á gbéra padà. Pauline kò mọ gbogbo èyí nígbà yẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé bí iná pupa bá tàn lójú ẹ̀rọ, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Iná pupa yìí sì ti ń tàn lemọ́lemọ́ láti bí ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ó tún ti kú ni?" Mathias béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Mathias ni àbúrò Maxime. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó wàrà. Àgbàlá kan náà ni òun àti Berthe ìyàwó rẹ̀ ń bá Pauline gbé. Berthe ń ta ọtí ní bùfẹ́ẹ̀tì kékeré kan nítòsí ibi tí àwọn onízẹ́mì, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ń dúró sí.

"Ó tún ti kú, ọkọ mi," Pauline dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, kò sì yí i padà lẹ́yìn ikú Maxime.

Mathias sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó wa, ọjọ́ wo ni Anicet wá wo ẹ̀rọ yìí gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ńkọ́?"

Pauline ronú. Bákan náà ni. Anicet wá lópin ọ̀sẹ̀, ó yẹ ẹ̀rọ wò, ó lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun mú, iná pupa tàn.

"Èmi ò fi ẹnu mi pe ẹnikẹ́ni o," Mathias wí. "Ṣùgbọ́n lánàá tí mo lọ gba wàrà, mo rí alùpùpù rẹ̀ níwájú ilé Félicité ní Pobè. Ṣé o mọ̀ pé obìnrin yẹn ń kọ́ ilé iṣẹ́ yaọ́ọ̀tì? Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ bíi tìrẹ wá fún un. Ó ṣì wà nínú àpótí pákó."

Ó bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo ni pé Anicet kì í ṣe ará ìta. Ọmọ Pobè ni, iṣẹ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe ló kọ́, Maxime fúnra rẹ̀ ló sì mú un wọlé. Òun àti Mireille, ọmọbìnrin Pauline, ti ń fẹ́ ara wọn, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti wá mọ ilé. Pauline ti ń pè é ní ọmọ mi láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn tí Anicet dé, tó sọ báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni Pauline ń wò, kò wo ojú rẹ̀.

Anicet fi etí sí páìpù, ó tẹ bọ́tìnì kan, iná pupa kú, ẹ̀rọ gbéra.

"Bọ́tìnì kan ṣoṣo?" Pauline béèrè. "A ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, kò dá wa lóhùn."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí omi tó balẹ̀ ni, Màmá. Bí pọ́ǹpù bá sinmi díẹ̀, ìdọ̀tí á rọ̀ sílẹ̀, omi á tún rí ọ̀nà kọjá fún ìgbà díẹ̀. Ahọ́n kékeré kan wà nínú páìpù yìí, omi tó ń kọjá ló ń tì í. Bí omi kò bá sáré tó, ahọ́n náà á padà sẹ́yìn, á sì dá kọ̀mpirẹ́sọ̀ dúró." Ó na ọwọ́ sí páìpù tó ti ìta wọlé. "Lọ́jọ́sí tí mo ṣí asẹ́ tó wà níbí, mo bá nǹkan kan níbẹ̀, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀kọ tó jinná jù. Mo fọ̀ ọ́ kúrò, ó sì tún ti padà. Ó yẹ ká tú gbogbo omi táǹkì dànù, ká fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àbí ẹnì kan ń da nǹkan sínú omi yẹn ni?"

Mathias wà nídìí ilẹ̀kùn, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́. Kò sọ̀rọ̀. Pauline ń yí ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kàn. Ẹnì kan. Ta ni ẹnì kan nínú àgbàlá òun, bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ òun àti ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun? Ó dà bíi pé ọmọkùnrin yìí ń wá ẹni tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ lé lórí.

"Bí a bá tú u dànù, ìgbà wo ni iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ mélòó kan ni, Màmá. Ká fọ̀ ọ́, ká tún pọn omi kún un, kí ó tún tutù."

Ọjọ́ mélòó kan. Àwọn oníbàárà á wá, wọn ò ní bá nǹkan kan, Félicité á sì ti ṣí pákó ẹ̀rọ tirẹ̀. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná," Pauline wí.

Lẹ́yìn tí Anicet lọ, ó ra àgádágodo, ó fi ti yàrá ẹ̀rọ, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró rẹ̀. Kò rántí táǹkì. Ta ni yóò rò pé olè á wá síbi omi?

Ẹ̀rọ tún dákẹ́. Àgádágodo wà níbi tó wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà létí ìró. Pauline wá gbé àpótí ìjókòó kan, ó wọ inú yàrá náà lọ́sàn-án gangan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó jókòó sójú kan. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ tó ń ṣe é.

Ooru ibẹ̀ pọ̀. Ó jókòó títí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Lójijì ni kọ̀mpirẹ́sọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Iná pupa kò tàn. Kò sí ẹni tó wọlé, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Irun orí Pauline dìde. Kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe tí ẹ̀rọ náà fi tún dún, tó gbéra fúnra rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè tó sì jẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra níṣojú rẹ̀. Ìsinmi lásán ni, omi ti tutù tó ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún un nínú yàrá yẹn. Ó dìde, ó yẹ ara ẹ̀rọ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rí nǹkan dúdú kékeré kan lẹ́yìn àpótí wáyà, ó ní ìrù kúkúrú kan tó nàró, iná aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Mireille ń fọ ike lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde sí i.

"Kí ni nǹkan dúdú tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ?"

"Èyí tó ń ṣẹ́jú? Ohun tó ń fi bí omi ṣe tutù tó ránṣẹ́ sí fóònù Anicet ni. Bàbá ló ní kó fi sí i."

"Bàbá rẹ kò sọ fún mi."

"Mo rò pé ẹ mọ̀, Màmá."

"Nítorí náà, ní Pobè tó jókòó sí, ó ń rí inú ilé mi. Ṣé ó lè pa ẹ̀rọ náà láti ibẹ̀?"

Mireille gbé ojú sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí ìyá rẹ̀ ń lọ. "Mi ò mọ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ẹ bi í léèrè."

Lọ́jọ́ Àìkú, Pauline wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, òun àti Mireille lọ sí ìjọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kọrin ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ó ń rí Anicet lọ́kàn rẹ̀, níbi tó jókòó sí ní Pobè, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù, tí yaọ́ọ̀tì òun sì ń kan ní Sakété. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà fún un, àdúrà náà kò jáde. Ohun kan ṣoṣo tó tù ú nínú ni pé Mathias kì í lọ sí ìjọ. Ó kéré tán, ẹnì kan ń ṣọ́ ilé.

Nígbà tí Anicet tún dé, Pauline kò jẹ́ kó sọ báàgì kalẹ̀. Mireille wà níbẹ̀, Mathias wà níbẹ̀.

"Anicet, ohun tí mo bá bi ọ́, dá mi lóhùn ní tààrà. Ṣé o lè pa ẹ̀rọ yìí láti Pobè?"

"Mo lè pa á, Màmá. Mi ò pa á rí."

Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni Pauline gbọ́. "Kí lo ń wá nílé Félicité?"

"Iṣẹ́ ni. Ó ní kí n bá òun to ẹ̀rọ òun."

"O kò sì rí i pé ó yẹ kí o sọ fún mi."

"Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni." Ó wo Mireille, ó sì tún wo Pauline. "Màmá, kí lẹ rò pé mo ṣe?"

"Mi ò rò nǹkan kan. Bá mi yọ nǹkan tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn."

Anicet sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wọlé, ó yọ ọ́, ó jáde, ó sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Pauline, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ti kú. Kò fi ìbínú hàn, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pè ṣí asẹ́ yẹn o," ó wí, ó sì jókòó lé alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, Mireille ń gbé oúnjẹ síwájú ìyá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ń kó àwo kúrò láìsọ̀rọ̀.

Mathias ló mú Jérôme wá láti Àjàṣẹ́. Ọkùnrin náà yára, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò ṣí asẹ́, kò tilẹ̀ wo ìta. Ó ṣí àpótí wáyà, ó so wáyà méjì pọ̀, ó yí nọ́ńbà kan sílẹ̀, ó sì pa àpótí dé. Ó ní ẹ̀rọ náà ń ṣojo ni, òun ti yọ ojo kúrò lára rẹ̀, kò tún ní dá ara rẹ̀ dúró mọ́.

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ dún láti òwúrọ̀, iná pupa kò sì tàn. Mathias na ọwọ́ sí i. "Ṣé o ti rí i báyìí? Ẹni tó ń pa á kò sí níbí mọ́, ẹ̀rọ náà kò sì kú mọ́."

Ó yẹ kí inú Pauline dùn. Ṣùgbọ́n ìfura kì í mọ ibi tí wọ́n bá ní kó dúró. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa wọ yàrá yẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e lọ síbẹ̀. Láwọn ọjọ́ tó fi jókòó ṣọ́ olè, ó ti mọ ìwà ẹ̀rọ náà láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ó máa ń sinmi. Ó mọ nọ́ńbà méjì tó ń hàn lójú rẹ̀, ti omi tó ń wọlé àti ti omi tó ń jáde, ó sì mọ̀ pé wọn kì í jìnnà síra jù.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ kò sinmi rárá. Nọ́ńbà omi tó ń wọlé ga, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò mú un tutù. Nọ́ńbà omi tó ń jáde ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀ sí i, ó ti sún mọ́ òdo. Pauline fọwọ́ kan páìpù níbi tó ti jáde lára ẹ̀rọ: ó tutù débi pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan funfun sì ti hù sí i lára bí ìyẹ̀fun. Ó lọ fọwọ́ kan ìkòkò: yaọ́ọ̀tì inú rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Pọ́ǹpù ń kérora. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń mú omi tutù tó bẹ́ẹ̀, tí òtútù náà kò sì dé ọ̀dọ̀ òun? Ta ló ń gbà á lọ́nà?

Ó pe Jérôme lórí fóònù. Jérôme ní, "Ìyá, ẹ fẹ́ kó tutù, ó ń tutù. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ohùn rẹ̀ dùn jù. Pauline pa fóònù, ó dúró láàárín yàrá. Nígbà náà ló gbọ́ ìró kan nínú ẹ̀rọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń rún iyọ̀ òkúta lẹ́nu.

"Mireille," ó pè. "Pe Anicet."

Mireille kò béèrè ohunkóhun. Ó pè é, ó sì gbé fóònù sí gbangba kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Pauline ka nọ́ńbà méjèèjì fún un, ó sọ ti páìpù tó funfun, ó sọ ti wáyà méjì tí Jérôme so pọ̀. Ohùn Anicet dáhùn láti Pobè.

"Màmá, ẹ pa kọ̀mpirẹ́sọ̀ báyìí báyìí. Bọ́tìnì tó wà lápá òsì. Ẹ má pa pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kó máa ti omi. Wáyà ahọ́n inú páìpù yẹn ló so pọ̀, omi kò sáré tó, ó sì ń di yìnyín nínú ẹ̀rọ. Bó bá dì tán, á fa ẹ̀rọ náà ya nínú."

Ìka Pauline dé ara bọ́tìnì, ó sì dúró síbẹ̀. Mathias ti wọlé sẹ́yìn wọn.

"Ìyàwó wa, gbọ́ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "A ti gba nǹkan tó fi ń pa á láti òkèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ń ní kí o fi ọwọ́ ara rẹ bá òun pa á. Yaọ́ọ̀tì sì kún inú ìkòkò."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé, nítorí pé ohun tó wà lọ́kàn Pauline gan-an ni. Ó wo Mathias, ó wo fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bí Anicet bá fẹ́ ibi sí òun, ibi tó rọrùn jù fún un láti ṣe é rèé. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ibi sí òun, ṣé kò ní dákẹ́ kí ẹ̀rọ náà ya ni? Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ó ti lọ. Kò rí èsì kankan tó dá a lójú. Ìró yẹn nìkan ló ń gbọ́, ó ń le sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì tutù láti ara páìpù. Páìpù kò ní ìdí kankan láti purọ́ fún un. Ó tẹ bọ́tìnì náà.

Yàrá dákẹ́, àfi pọ́ǹpù. Mathias mí kanlẹ̀, ó jáde. Ìyá àtọmọ dúró síbẹ̀ títí ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tí ohun funfun ara páìpù ń yọ́ kán sílẹ̀.

Anicet dé kí ọjọ́ tó rọ̀, eruku ọ̀nà Pobè bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó kí Pauline, kò kí i ju bó ti yẹ lọ. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan àfi bí gbogbo ilé bá wá dúró ti òun. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mathias, Berthe náà sì dé láti bùfẹ́ẹ̀tì. Níṣojú gbogbo wọn, Anicet tú asẹ́ inú páìpù, ó sì fà á jáde.

Ó dí pátápátá. Anicet ha ohun tó wà níbẹ̀ sórí páálí kan: pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò tíì jẹrà tán. Àwọ̀ pupa wà nínú rẹ̀, àwọ̀ wúrà wà nínú rẹ̀. Mireille bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ṣí ọ̀kan nínú rẹ̀, lẹ́tà sì hàn lójú rẹ̀. Bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò bíà ni.

Wọ́n jáde lọ sídìí táǹkì, wọ́n gbé páànù orí rẹ̀ kúrò. Ní ìsàlẹ̀ omi, ìdérí ìgò wà káàkiri, ìgò kan sì dùbúlẹ̀ níbẹ̀ ní ìhòòhò, kò ní bébà kankan lára.

Berthe ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

"Ọjọ́ Àìkú nìkan là ń kó ìgò ọtí sí i," Mathias wí nígbà tí kò sí ẹni tó bi í. "Fìríìjì Berthe bàjẹ́, omi sì wà níbí, ó tutù, kò sí ẹni tó ń lò ó lọ́jọ́ yẹn. Ta ni yóò rò pé bébà lásán lè dá irin dúró?"

"Ọkọ mi," Pauline wí, "lọ́jọ́ tí Anicet béèrè bóyá ẹnì kan ń da nǹkan sínú omi, ṣebí ẹ wà nídìí ilẹ̀kùn?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ò sọ̀rọ̀."

"A kì í da ìgò sínú omi. À ń kó o sí i ni, a sì ń kó o jáde. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ló ń béèrè."

Pauline wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń wá ibi tí ọkùnrin yìí ti mọ̀ àti ibi tí kò ti mọ̀, kò sì rí ààlà rẹ̀. Bóyá ó gbàgbọ́ lóòótọ́ pé Anicet ni. Bóyá ó rí i pé bí gbogbo ojú bá wà lára Anicet, kò sí ẹni tí yóò gbé páànù táǹkì sókè. Títí di òní, kò mọ èyí tó jẹ́.

Anicet ya wáyà tí Jérôme so pọ̀, ó dá nọ́ńbà padà sí ibi tó wà. Ó ní orí ló bá ẹ̀rọ ṣe, kò ya. Wọ́n tú omi dànù, wọ́n fọ táǹkì, wọ́n kan ìdérí tuntun fún un. Yaọ́ọ̀tì ìkòkò ọjọ́ náà kan kọjá ààlà. Ẹnì kan láti Takon wá gbé e lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Anicet gbé báàgì rẹ̀, ó kí wọn pé ó dìgbà, Mireille sì sìn ín dé títì. Pauline rí wọn lókèèrè tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù.

Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ zẹ́mì lọ sí Pobè, òun àti àgbà obìnrin kan nínú ìjọ wọn. Ìyá Anicet ń yan gàrí lọ́wọ́ lábẹ́ àtíbàbà. Inú rẹ̀ dùn láti rí wọn. Ó nu àga, ó bu omi, ó béèrè Mireille, ó béèrè iṣẹ́.

"Ìyá Anicet," Pauline bẹ̀rẹ̀, "mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni obìnrin náà béèrè.

Pauline wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé kò mọ nǹkan kan. Anicet kò sọ ọ́ nílé. Ó ti padà wálé lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, ó ti jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kò sì ba orúkọ Pauline jẹ́ lẹ́nu. Èyí ló mú omi wá sójú Pauline. Ó wá di dandan kó fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí i: bó ṣe ṣọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, bó ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ohun tó bi í níwájú àwọn ènìyàn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ìyá náà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó sọ tán, obìnrin náà yí orí sẹ́yìn ilé, ó pe ọmọ rẹ̀. Anicet jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Ohun tí wọ́n sọ yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o ṣì fẹ́ ọmọ wọn?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Iṣẹ́ wọn ńkọ́?"

Anicet wo ilẹ̀. "Màá ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá wá, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ẹnì kan nínú ilé á sì dúró tì mí títí màá fi parí. Mi ò ní ṣe é lémi nìkan mọ́."

"Kò tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," Pauline wí.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Màmá."

Pauline gbà. Ìyá Anicet kò sọ pé òun dárí jì í. Ó bu gàrí gbígbóná sínú ọ̀rá fún wọn, ó ní kí wọ́n mú un dání, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àkókò òjò tó ń bọ̀ yìí kọjá kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ní ọ̀nà Sakété, àgbà obìnrin ìjọ náà ń dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ yanjú. Pauline gbé gàrí náà lé ẹsẹ̀, ooru rẹ̀ ń gba inú ìró wọ̀ ọ́ lára, ó sì ń ronú lórí ẹni tí yóò máa dúró ti Anicet. Kò lè jẹ́ Mathias. Kò sì fẹ́ kó jẹ́ Mireille. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa dúró níbẹ̀, lójú ọmọkùnrin náà, ní gbogbo ìgbà tó bá wá.